Nẹ́ẹ̀tì Tó Gún Bí Àpótí

Ẹ̀fọn ló gba orúkọ mọ́ dókítà yẹn lọ́wọ́. Ìyá ẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ dáadáa, ọkọ ẹ̀ ń fi orúkọ àdídùn pè é nílé, ìjọba sì fún un lóyè, wọ́n lẹ ìràwọ̀ mọ́ ọn léjìká, ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá tán ní bárékè, Ìyá Ẹlẹ́fọn ni àwọn ṣọ́jà ń pè é. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é o. Kò sẹ́ni tó máa dán an wò lójú ẹ̀, àfi tí onítọ̀hún bá fẹ́ gé koríko títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Òun náà mọ̀. Kò bínú. Inú ẹ̀ tiẹ̀ ń dùn díẹ̀, torí lójú tiẹ̀, ó fi hàn pé wọ́n ń gbọ́ràn.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá síbẹ̀, ọsibítù bárékè yẹn ò ṣeé wò. Ẹ̀gbẹ́ irà ni wọ́n kọ́ bárékè náà sí. Òjò á rọ̀ díẹ̀, omi á ti dúró síbi gbogbo, ibà á sì máa gbé àwọn géńdé ọkùnrin ṣánlẹ̀. Èèyàn méjì á sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan, orí ẹnì kan á wà níbi ẹsẹ̀ ẹnì kejì. Ọ̀kan kú mọ́ dókítà lọ́wọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ tó dé, ọmọkùnrin kan tó ga tó ilẹ̀kùn, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà má pe ìyàwó òun wá kó wá rí òun báyìí. Àtọjọ́ yẹn ni dókítà ti kéde ogun. Ó ní kò sí ọ̀tá kankan tó ń yìnbọn sí wọn níbi tí wọ́n wà yìí, ẹ̀fọn nìkan ni, ẹ̀fọn náà ló sì ń lù wọ́n.

Omi ló fi bẹ̀rẹ̀. Á gbé abọ́ funfun kan dání, á máa kiri ẹ̀yìn ilé àwọn èèyàn, á bu omi nínú dúrọ́ọ̀mù, nínú táyà àlòpatì, nínú agolo, nínú gọ́tà tí ò ṣàn. Tó bá ti rí tanwíjí tó ń jùrù nínú abọ́ yẹn, á ní kí wọ́n lọ bá òun pe onílé.

"Ẹ wá kí àwọn ọmọ yín," ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Kò ní rẹ́rìn-ín rárá. Àwọn aládùúgbò ló máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á rẹ́rìn-ín débi tí onílé á fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Wọ́n á máa bi í pé mélòó ló bí, pé ta ni bàbá wọn, pé wọ́n mà jọ ọ́ o.

Ìtìjú yẹn ṣiṣẹ́. Láìpẹ́, àwọn obìnrin bárékè ti ń da omi nù kí dókítà tó yọ lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn kan tiẹ̀ ń da omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn nù tòun ti korobá. Ibà rẹlẹ̀. Dókítà wá gbà lọ́kàn ara ẹ̀ pé ìtìjú yá ju oògùn ẹ̀fọn lọ, kò sì gba kí èèyàn máa fọ́n ọn kiri.

Lẹ́yìn omi ló kan nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kó nẹ́ẹ̀tì olóògùn wá, funfun báláú, ó kárí gbogbo bẹ́ẹ̀dì. Dókítà ṣàlàyé ẹ̀ ní páréèdì: tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, sọ ọ́ kalẹ̀, wọ inú ẹ̀, tẹ etí ẹ̀ bọ abẹ́ fóòmù, kó o sùn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ta ló máa lọ wò ó bóyá wọ́n sùn sínú ẹ̀ lóòótọ́? Obìnrin ni dókítà, ọ̀gá sì ni, kò bójú mu kó máa ya yàrá àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti bọ́ra sílẹ̀. Torí náà, àárọ̀ ló ń wá, àsìkò tí wọ́n bá ń yẹ bẹ́ẹ̀dì wò náà lòun náà ń yẹ nẹ́ẹ̀tì wò.

Ẹni tí ò bá gbé bárékè rí ò lè mọ nǹkan tí bẹ́ẹ̀dì jẹ́ fún ṣọ́jà. Bẹ́ẹ̀dì ṣọ́jà kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń sùn lé, nǹkan tí wọ́n ń fi han ọ̀gá ni. Bùláńkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, igun ẹ̀ gbọ́dọ̀ mú, ìrọ̀rí ò gbọdọ̀ wọ́. Tí nǹkan kan bá ká kò báyìí, ó ti di kí onítọ̀hún máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí pápá ká. Bí wọ́n ṣe gbé nẹ́ẹ̀tì dé, ojú bẹ́ẹ̀dì náà ni wọ́n fi wò ó.

Yàrá Onífèrè ló kọ́kọ́ gbé e dé ibi gíga. Onífèrè ni ọmọkùnrin tó ń fun fèrè tí gbogbo bárékè fi ń jí láàárọ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, eyín ẹ̀ ṣáájú ẹ̀ wọlé, ó mọ àwàdà ṣe, òun nìkan ló sì kù fún ìyá ẹ̀. Lọ́jọ́ tí dókítà wọ yàrá wọn, ṣe ló dúró sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo nẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ dúró lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ le, kò sí ìwúnjọ kankan lára ẹ̀. Ó ní ta ló ṣe èyí. Wọ́n ní Onífèrè ni.

Dókítà ní kí wọ́n pe àwọn yàrá tó kù wá wò ó. "Nẹ́ẹ̀tì tó gún bí àpótí," ló wí fún wọn. "Báyìí ni mo fẹ́ ẹ."

Ó fi òfin kan sí i. Yàrá tí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ bá gún jù á gba ààyè lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé, yàrá tí tiẹ̀ bá rí wúruwùru á lọ kó gọ́tà. Onífèrè ò fi Sátidé ṣeré, torí Sátidé ló ń rí ìyá ẹ̀. Bí yàrá wọn ṣe ń gbégbá orókè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn.

Dókítà tún wá ronú síwájú sí i. Ó ní nígbà tó jẹ́ pé nẹ́ẹ̀tì wà lórí gbogbo bẹ́ẹ̀dì, òun sì ń rí i láràárọ̀, a jẹ́ pé ẹni tí ibà bá tún mú, òun ló lọ pè é wá. Ó sọ ọ́ ní páréèdì bẹ́ẹ̀. Tára ẹni náà bá ti yá tán, wọ́n á mú un jáde síwájú, wọ́n á da nẹ́ẹ̀tì bò ó lórí bí ìyàwó tuntun, gbogbo èèyàn á sì máa bi í pé ọkọ ń kọ́. Nígbà kan, Onífèrè gbé fèrè ẹ̀, ó fun orin ìgbéyàwó sí ọ̀kan nínú wọn. Gbogbo páréèdì bú sẹ́rìn-ín. Dókítà náà rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín débi tó fi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má rí i.

Ibi tí nǹkan ti wá dàrú ni pé ibà ò dúró síbi tó wà. Ó tún gbéra. Kí òjò tó wọlé dáadáa, wọ́ọ̀dù ti ń kún padà, ibà tó sì ń gbé wọn wá báyìí burú ju ti tẹ́lẹ̀, torí wọn ò tètè ń wá mọ́. Ẹni tó bá rí ìyàwó tuntun lẹ́ẹ̀kan ò ní fẹ́ ṣe ìyàwó. Wọ́n á ra oògùn jẹ ní kọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi ṣubú.

Dókítà ò rò ó bẹ́ẹ̀. Ohun tó rò ni pé wọ́n ń jáde lọ mutí létí irà nírọ̀lẹ́. Ó lọ bá Ọ̀gá Àgbà, ìyẹn olórí bárékè, ó ní kí wọ́n fòfin de ìjáde. Nílé, ó ń sọ ọ́ fún ọkọ ẹ̀ bó ṣe ń gé àlùbọ́sà, ó ń fi ọ̀bẹ tọ́ka. Tíṣà ni ọkọ ẹ̀, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọdé, ohùn ẹ̀ kì í lọ sókè.

"Ìyàwó mi," ló sọ, "ó jọ pé o ò bá ẹ̀fọn jà mọ́. Àwọn èèyàn yẹn lo ń bá jà."

Dókítà kọjú sí àlùbọ́sà ẹ̀, ó ń gé e kíkankíkan.

Láàárín ìgbà yẹn náà ni ìròyìn dé pé ọ̀gágun kan ń bọ̀ láti olú-iléeṣẹ́ wá wo nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá Àgbà ti ròyìn wọn débi pé wọ́n fẹ́ fi dókítà ṣe olórí ìgbógunti ẹ̀fọn fún gbogbo ọmọ ogun. Ọkọ ẹ̀ ti ń wá ilé ìwé sí ìlú tí wọ́n máa kó lọ. Bárékè kun ògiri lọ́dà, wọ́n kun òkúta ẹ̀bá ọ̀nà pàápàá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ tí àlejò máa dé, fèrè dún, ó sì wọ́. Orin ìjí yẹn bẹ̀rẹ̀ dáadáa, nígbà tó dé àárín, ó ń wọ́ lọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, ó wá dákẹ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Onífèrè ti sùn lọ lórí ìdúró. Nígbà tí wọ́n máa dé ìdí òpó àsíá, ó ti wà nílẹ̀, ara ẹ̀ ń gbọ̀n rìrì, ojú ẹ̀ ti yí sókè, fèrè wà lábẹ́ àyà ẹ̀.

Dókítà fúnra ẹ̀ ló tọ́jú ẹ̀. Ara ọmọ náà gbóná débi pé aṣọ tútù tí wọ́n fi ń nù ún ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, kòkòrò ibà kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Kò mọ ẹnikẹ́ni. Dókítà wá iṣan, ó fi omi sí i lára, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó jókòó tì í, ó ń ka mímí ẹ̀. Ẹ̀rù sì ń bà á, torí kò tíì gbàgbé èyí tó kú yẹn. Ṣùgbọ́n tí a bá máa sọ òótọ́, inú tún ń bí i. Ó ń fọwọ́ nù ún, ó ń sọ ọ́ lọ́kàn pé, ìwọ náà? Ìwọ tí mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ? Ó jẹ́ pé ìwọ náà ń lọ síbi ọtí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Onífèrè lajú. Ó béèrè omi. Dókítà fẹ́ẹ̀ sunkún. Ó bu omi fún un, ó tún ìrọ̀rí ẹ̀ ṣe, ó sọ nẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀dì náà kalẹ̀, ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ tẹ etí ẹ̀ bọ abẹ́ fóòmù yíká, ó sì lọ fọwọ́. Kò tíì nu ọwọ́ tán tó fi gbọ́ tí nọ́ọ̀sì ń pè é. Nọ́ọ̀sì yẹn jẹ́ àgbà obìnrin kan tí ọ̀rọ̀ kì í ká lára.

Orí bẹ́ẹ̀dì ti ṣófo. Nẹ́ẹ̀tì wà bó ṣe wà, ó gún régé, etí ẹ̀ wà lábẹ́ fóòmù. Lódìkejì, Onífèrè nà gbalaja sórí símẹ́ńtì, ó ti yọ abẹ́rẹ́ omi lára, ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ọwọ́ ẹ̀. Ó ti jáde tán, ó wá tẹ etí nẹ́ẹ̀tì padà sábẹ́ fóòmù lẹ́yìn ara ẹ̀ kó tó dùbúlẹ̀.

"Kí lò ń ṣe nílẹ̀?" Dókítà ti kúnlẹ̀ tì í, ó di ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde mú.

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò bà á jẹ́."

"Kí ni o ò bà jẹ́?"

"Nẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò ó, ó ṣì gún."

Nọ́ọ̀sì ti fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó rí ojú dókítà, ó gbé ẹ̀rín ẹ̀ mì.

Dókítà wá rọra bi í pé, ní yàrá yín, níbo lo máa ń sùn. Ó ní orí ẹní ni, mà. Gbogbo àwọn ni. Ó ní láti ìgbà wo.

"Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti ní báyìí lẹ fẹ́ ẹ," ni Onífèrè wí. Ó pajú dé.

Wọ́n gbé e padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà fi omi sí i lára padà, ó ṣi iṣan gún kó tó bá a, ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló rìn lọ sí yàrá àwọn Onífèrè ní ọ̀sán gangan. Ó gbá nẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ mú, ó fẹ́ ṣí i. Kò ṣí. Ó fà á. Fóòmù gbéra pẹ̀lú ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa, ó wá rí òwú funfun. Wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ rán etí nẹ́ẹ̀tì mọ́ ara fóòmù, wínníwínní, dáadáa, yípo yípo. Kò sí ojú ibi tí ológbò lè gbà wọlé, ká má wulẹ̀ sọ èèyàn. Eruku ti bà lé orí bùláńkẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀. Ó yọjú wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rí àwọn ẹní tí wọ́n ká síbẹ̀. Ó lọ sí bẹ́ẹ̀dì kejì. Bákan náà ni. Ó ti ń kọjá láàárín àwọn nẹ́ẹ̀tì yìí láràárọ̀, ó ń káwọ́ sẹ́yìn, ó ń mi orí pé ó dáa.

Olórí yàrá wọn dé bá a níbẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè ní Bàbá Yàrá torí pé orí ẹ̀ ti pá. Ó dúró ṣánṣán. Nígbà tí dókítà bi í, ó ṣàlàyé láìfi nǹkan kan pa mọ́. Ó ní wọ́n kọ́kọ́ ń sùn sínú ẹ̀. Wọ́n máa jí, nẹ́ẹ̀tì á ti rún, wọn ò ní rí i lọ̀ kí àyẹ̀wò tó dé, ẹ̀rù kíkó gọ́tà á sì máa bà wọ́n. Ni Onífèrè bá gba abẹ́rẹ́ àti òwú lọ́wọ́ ìyá ẹ̀. Nígbà tí àwọn yàrá yòókù rí i pé yàrá àwọn Onífèrè ń lọ sílé ní Sátidé, wọ́n wá kọ́ ọ. Gbogbo bárékè ló ti rán tiwọn.

"Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi?"

Bàbá Yàrá wò ó, ó wo ilẹ̀. "A rò pé ẹ mọ̀, mà. A rò pé ká kàn máa fi han àlejò ni."

Ìtìjú tó bá dókítà níbẹ̀, kò ní ibi tó máa gbé e pa mọ́ sí. Ó ń gbóná láti ọrùn lọ sí etí. Òun tó ń gbé abọ́ kiri ẹ̀yìnkùlé àwọn olómọ, tó ń pè wọ́n wá kí tanwíjí, gbogbo yàrá yìí ló ti sọ di oúnjẹ ẹ̀fọn, ó sì ń fún wọn ní ẹ̀bùn fún un. Gbogbo àwọn tó da nẹ́ẹ̀tì bò lórí, gbogbo wọn ló gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó fẹ́ ní kí Bàbá Yàrá má bínú. Ohun tó jáde lẹ́nu ẹ̀ ni pé kó máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ̀.

Ó lọ sọ fún Ọ̀gá Àgbà. Ọ̀gá Àgbà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó lu tábìlì, ó ní ṣọ́jà ò lè pa òun. Nígbà tó wá rántí ẹni tó ń bọ̀, ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ bó ṣe wà, tí àlejò bá lọ tán, wọ́n á tún un ṣe. Ní ti Onífèrè, ẹjọ́ ẹ̀ ò le. Ó tàpá sí àṣẹ dókítà, ó ba nǹkan ìjọba jẹ́, ó tún kọ́ gbogbo bárékè. Tó bá ti lè rìn, kó bọ́ aṣọ ìjọba sílẹ̀ kó máa lọ bá ìyá ẹ̀. Wọ́n á kéde ẹ̀ lójú àlejò pé aláìgbọràn ni, wọn ò ní dárúkọ nẹ́ẹ̀tì, kó lè mọ̀ pé àwọn ò gba gbẹ̀rẹ́. Ó ní ìyẹn ni ò ní jẹ́ kó kan dókítà, ṣé dókítà gbọ́?

Dókítà mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ó ti tò ó sẹ́nu bọ̀ lọ́nà. Ṣùgbọ́n ó ro olú-iléeṣẹ́, ó ro ilé ìwé tí ọkọ ẹ̀ ti rí, ó ro bí wọ́n ṣe máa máa sọ ọ́ káàkiri pé Ìyá Ẹlẹ́fọn ló ń fi ṣọ́jà bọ́ ẹ̀fọn. "Ó yé mi, sà," ló sọ. Ó kí i bí ṣọ́jà, ó jáde.

Nílé, kò lè jẹun. Ọkọ ẹ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ẹ̀ wò, ó ní ṣé kì í ṣe ibà. Ó ní kì í ṣe ibà. Kò wò ó lójú.

Ìyá Onífèrè dé lọ́jọ́ kejì. Obìnrin tó tó bí dókítà dáadáa, ó ró ìró ẹ̀ mọ́ra pinpin, ó ti ń sunkún bọ̀ lójú ọ̀nà. Ó rí ọmọ ẹ̀, ọmọ ẹ̀ pè é ní mọ̀mí, ó ní ebi ń pa òun. Bí obìnrin yìí ṣe yíjú tó rí dókítà báyìí, ṣe ló wólẹ̀ sórí eékún méjèèjì láàárín wọ́ọ̀dù.

"Ẹ̀yin lẹ gba ọmọ mi là, ẹ ò ní fi ọwọ́ yín sin ọmọ. Gbogbo Sátidé ló ń sọ̀rọ̀ yín fún mi. Ó ní ẹ yin òun lójú gbogbo èèyàn."

Àgbàlagbà ń kúnlẹ̀ fún un, kò sì sí bó ṣe máa dúró ṣánṣán kí wọ́n máa kúnlẹ̀ fún un. Dókítà náà kúnlẹ̀, tòun ti bàtà ṣọ́jà lẹ́sẹ̀. Ó ń fà á lápá pé kó dìde, mọ̀mí ò dìde, òun náà ò lè dìde kí mọ̀mí tó dìde. Àwọn aláìsàn ń wò wọ́n láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ibi tí àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ kọjú síra wọn yẹn ni dókítà ti sọ ọ́. Ó ní òun ò gbà á là, mà. Ó ní òun lòun kó o sínú àìsàn yìí. Ó sọ ọ̀rọ̀ nẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ Sátidé, ọ̀rọ̀ àwọn ẹní abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Abẹ́rẹ́ mi ni," ni mọ̀mí sọ. "Ó ní òun fẹ́ fi rán bọ́tìnnì. Èmi ni mo fún un."

"Kì í ṣe ẹ̀yin, mà. Èmi ni." Dókítà wá sọ èyí tó kù, torí ó mọ̀ pé tí òun bá dìde láìsọ ọ́, òun ò tún ní sọ ọ́ mọ́. Ó ní wọ́n fẹ́ lé ọmọ náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní òun ló tàpá sí àṣẹ.

Mọ̀mí gba apá ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ dókítà. "Kí lo wá sọ fún wọn?"

Kò pè é ní ẹ mọ́.

"Mo ní ó yé mi."

Obìnrin yẹn fọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde, ó gbọn eruku lára ìró ẹ̀, ó lọ jókòó ti ọmọ ẹ̀. Ó fi dókítà sílẹ̀ níbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

Àlejò dé. Ó ti dàgbà, kò ga, ikọ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò sì jọ ẹni tó ń wá òkúta tí wọ́n kùn lọ́dà. Wọ́n mú un yí bárékè ká, wọ́n mú un dé yàrá àwọn Onífèrè. Bàbá Yàrá àti àwọn èèyàn ẹ̀ ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ọ̀gá Àgbà na ọwọ́ sí àwọn nẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń fi ọkọ̀ tuntun hàn. Àlejò ní ó mà gún o. Ó ní òun náà sùn nínú nẹ́ẹ̀tì lójú ogun, ti àwọn ò gún báyìí láyé. Ó wá nawọ́, ó fẹ́ ṣí i kó wo inú ẹ̀.

Kò ṣí. Àlejò tún fà á. Fóòmù gbéra, bùláńkẹ́ẹ̀tì yọ̀, ìrọ̀rí já bọ́ sínú nẹ́ẹ̀tì, ó há síbẹ̀. Ẹnì kan nínú àwọn ṣọ́jà ń pa ẹ̀rín mọ́ra, ohùn ẹ̀ ń jáde nímú.

Àlejò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rí òwú. "Ta ló rán èyí?"

Ọ̀gá Àgbà ti ní ìdáhùn sílẹ̀. Ó ní onífèrè kan ni, sà, aláìgbọràn kan, ó wà lọ́sibítù, wọ́n sì ti pinnu lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀.

Dókítà wà lẹ́yìn wọn. Kò sẹ́ni tó bi í. Ojú mọ̀mí yẹn wá sí i lọ́kàn, ó sì rí ẹsẹ̀ ara ẹ̀ tó gbé ìgbésẹ̀ síwájú.

"Ọmọ yẹn ló fi abẹ́rẹ́ rán an, sà," ló sọ. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo rán an."

Àlejò yíjú sí i. "Rán an báwo?"

"Mo rán an níṣẹ́, sà. Mo ní kó gún. Mi ò sọ pé kí wọ́n sùn mọ́."

Ó wá kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, lójú àwọn tó ti da nẹ́ẹ̀tì bò lórí. Ó ń sọ ọ́, ó ń gbọ́ ohùn ara ẹ̀ bó ṣe kéré. Ó sọ ti ìyàwó tuntun náà. Ó sọ pé òun náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Àgbà ò wo ibì kan ju ògiri lọ.

Àlejò ò pariwo. Ó bi í pé mélòó ló wà ní wọ́ọ̀dù báyìí, dókítà sọ fún un. Ó wúkọ́, ó nu ẹnu. Ó sọ fún Ọ̀gá Àgbà pé ọ̀rọ̀ lílé yẹn, kó fi sílẹ̀. Ó wá sọ fún dókítà pé olú-iléeṣẹ́ tí wọ́n ń sọ, kó má di ẹrù. Kó dúró síbí kó tú òwú.

Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi tú u. Wọ́n fẹ́ bá a ṣe é, ó kọ̀. Ó mú abẹ kan, ó ń lọ láti yàrá dé yàrá, ó ń jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì àwọn èèyàn, ó ń já òwú lọ́kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀sì ń bá a gbá a jọ. Àwọn ṣọ́jà á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò ní mọ ohun tí wọ́n máa fi ọwọ́ wọn ṣe. Nílé, ọkọ ẹ̀ gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó ní òun á sọ fún ilé ìwé ọ̀hún pé àwọn ò wá mọ́, ó sì bu oúnjẹ fún un. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn gan-an tún dùn ún.

Ó pa àyẹ̀wò àárọ̀ rẹ́. Ìgbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú ló ń wá báyìí, òun àti nọ́ọ̀sì. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn, wọ́n á dúró, ẹnì kan á ní kí wọ́n wọlé.

Lọ́jọ́ tí Onífèrè kọ́kọ́ padà sí yàrá, wọ́n wọlé bá wọn nínú nẹ́ẹ̀tì. Yàrá yẹn ò dára lójú mọ́. Nẹ́ẹ̀tì kan wọ́ sílẹ̀ lápá kan, òmíràn ti rún bí aṣọ tí wọ́n fún. Bàbá Yàrá fẹ̀yìn lélẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó fẹ́ dìde kó dúró ṣánṣán, orí ẹ̀ tó pá lọ kọ́ nẹ́ẹ̀tì, nọ́ọ̀sì ní kó jókòó jẹ́ẹ́, kò sẹ́ni tó ń wá ṣọ́jà níbẹ̀.

Onífèrè wà lórí bẹ́ẹ̀dì tiẹ̀. Ó ti rù, eyín ẹ̀ wá tóbi sí i. Etí ọ̀tún ẹ̀ ṣì ń hó látìgbà ibà yẹn, wọn ò tíì jẹ́ kó fọwọ́ kan fèrè, ìyá ẹ̀ sì wá kí i lánàá, ó gba ẹ̀yìn ọsibítù kọjá kó má baà pàdé dókítà. Nẹ́ẹ̀tì tó sọ kalẹ̀ yẹn, ó rí játijàti, ó tẹ ẹ́ bọ abẹ́ fóòmù wúruwùru bí ọmọdé. Ó ń wo dókítà láti inú ẹ̀, ó ń dúró.

"Ṣé ó dáa báyìí, mà?"

Dókítà la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti wà níbẹ̀, ó dáa, o ṣeun, ọmọ dáadáa. Ó rí ojú ọmọ náà bó ṣe ń retí ẹ̀, ojú kan náà tó fi ń retí ẹ̀ láràárọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó gún. Gbogbo yàrá náà ń retí. Ẹ̀rù bà á láti yin ẹnikẹ́ni.

"Sùn," ló sọ, ó sì jáde kí wọ́n tó rí ojú ẹ̀.